Mùnírù Tó Ní Ewúrẹ́ Ló Ń Jẹ Ewé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré nílé.

1
Aránṣọ ni Mùnírù Ọláìtán ní Sabon Gari, Kánò. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí i, nínú ilé tálákà. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, ẹ̀fọ́ náà ni lálẹ́, ẹran kì í sì í kan ọbẹ̀ wọn àfi ọjọ́ Iléyá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé kéú sọ ọ́ ní Ajẹ̀fọ́-bí-ewúrẹ́. Orúkọ yẹn gún un lára bí ẹ̀gún. Ó búra pé bí òun bá là, ewé kò ní wọ ìkòkò òun mọ́ láéláé.

Ó sì là. Ní ọdún 1976, wọ́n gbé iṣẹ́ aṣọ àwọn sójà tó wà ní Brigade fún un, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́fà ló wá ń dún ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìrẹsì funfun, búrẹ́dì, tíì àti ẹran díndín ni oúnjẹ ilé rẹ̀. Epo pupa gan-an di èèwọ̀. Òróró ẹ̀pà nìkan ni. Bí Ramlat ìyàwó rẹ̀ bá ra ìbẹ́pẹ tàbí máńgòrò fún Hajarat, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Mùnírù a gbà á lọ́wọ́ ọmọ, a ní kí wọ́n lọ ra mínírà fún un, nítorí ohun tí ọmọ olówó ń mu nìyẹn.

2
Ramlat kò jáwọ́. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ó já ewé zogale tí àwọn Hausa ń tà sínú ọbẹ̀. Àlejò méjì wà lọ́dọ̀ Mùnírù nígbà tó ṣí ìkòkò. Ó gbé e jáde, ó dà á sí gọ́tà lójú gbogbo ará kọ́mpáùn.

"Ewúrẹ́ ló ń jẹ ewé," ló wí fún Ramlat. "Bó bá jẹ́ ewé lo fẹ́ jẹ, lọ so ara rẹ mọ́ èèkàn."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ramlat gbé ìkòkò òfìfo rẹ̀ wọlé. Ẹ̀rín àwọn àlejò yẹn dùn mọ́ Mùnírù ju oúnjẹ lọ, ẹ má tan ara yín jẹ.

3
Nígbà tí Hajarat pé ọmọ ọdún márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Lọ́sàn-án, á sáré kiri. Bó bá di àṣálẹ́, á máa fi ọwọ́ wá ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí Mùnírù ń ṣe àlùwàlá Màgàríbì, ọmọ náà fi ẹsẹ̀ gbá búta omi rẹ̀ dànù. Mùnírù gbá a létí. Hausa tí ọmọ náà àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣeré ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Baba, ba na gani."

Òun kò ríran, ohun tó ń wí nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ló ń pa. Ó tún gbá a létí kejì.

4
Ramlat gbé ọmọ lọ sí dìsìpẹ́ńsárì. Nọ́ọ̀sì Àbíkẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀, ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ nílé. Ó ní oúnjẹ ló fa ọ̀ràn náà, àtúnṣe sì ṣì wà: ewé tútù, kárọ́ọ̀tì, ìbẹ́pẹ, epo pupa. Oògùn tó yẹ ti tán lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n gbé ọmọ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí Mùnírù gbọ́, inú bí i gidigidi. Ó ní Ramlat lọ ń ṣe òun ní yẹ̀yẹ́ níta, kí àwọn èèyàn lè máa wí pé ebi ń pa ọmọ Ọláìtán. Ó ní bó bá tún gbé ẹsẹ̀ débẹ̀, kó má padà wá bá òun, ọmọ kò sì ní bá a lọ. Ramlat ro ti ọmọ, ó jókòó.

5
Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí èéyi fi bọ́ sí àdúgbò. Ó mú ọmọ mẹ́rin nínú kọ́mpáùn náà, Hajarat wà lára wọn. Àwọn mẹ́ta tó kù, ọmọ àwọn tí kò rówó ra ẹran, tí wọ́n ń fi kúkà, ọbẹ̀ ewé igi oṣè, jẹ túwó, ara wọn yá. Ti Hajarat nìkan ló yàtọ̀. Ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì funfun bí omi ìrẹsì.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àìjẹ ewé àti èso ti sọ ojú náà di aláìlágbára kí èéyi tó dé, ó sì ti lọ. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò tètè gbé ọmọ wá. Mùnírù wo Ramlat.

"Ẹ sọ fún un," Ramlat wí. "Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe."

Mùnírù gbé ọmọ, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ó ra ìbẹ́pẹ àti kárọ́ọ̀tì apẹ̀rẹ̀ kan. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń gé e, ó ń fi sí ọmọ lẹ́nu. Hajarat jẹ ẹ́ láìṣàròyé. Ó jẹ títí inú rẹ̀ fi le.

"Bàbá, mélòó ló kù tí n ó jẹ, kí n tó máa rí yín?"

Mùnírù gé òmíràn.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹran nìkan kọ́ ni oúnjẹ. Ẹ fún ọmọ yín ní ẹ̀fọ́, ẹ fún wọn ní èso, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú àná yín di ìyà ọmọ yín lónìí. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń pe ẹ̀fọ́ ní oúnjẹ tálákà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn: gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.