Omi Ọṣẹ Nínú Bíréèkì

Fádípẹ̀, mẹkáníìkì mi, ti sọ ọ́: "Bàbá Aríkẹ́, ọ́ìlì bíréèkì yìí ti dúdú. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀." Owó tó pè lè ra táyà! Inú bí mi, mo bá da omi ọṣẹ sí i, bí àwa awakọ̀ kan ṣe máa ń ṣe.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí èmi nìkan ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ tààrà. Mo tún tẹ̀ ẹ́, òfo ni. Afárá tó já sì wà níwájú. Mo ń bú mọ́tò, mo ń bú Fádípẹ̀.

Ọkọ̀ kàn rọra dúró létí odò ni. Táyà ò han. Eruku ò sọ. Mo wo dígí, n ò rí ẹnì kankan.

Ohùn kan sọ lẹ́yìn ọkọ̀ pé, "Bàbá Aríkẹ́, ẹ tètè bọ́ sílẹ̀. Apá ti ń ro mí."