Kí Ìwé Tó Gbẹ

Ìyá ọkọ Tinúadé gbé ìgò àgbo wá fún un láti Ọ̀fà, nítorí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje. Tinúadé kúnlẹ̀ kí i. Lẹ́yìn náà, ó ya ìwé àyẹ̀wò funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ìdì tó kọ́ sára ògiri ilé ìdáná, ó kán àgbo sí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ki etí ìwé náà bọ ọtí líle. Kọ́bọ́ọ̀dù ife kì í ṣí nílé ẹnikẹ́ni mọ́, àfi tí ìwé bá gbẹ, tó sì ti fi ohun tó wà nínú ohun mímu hàn.

"Èmi ni mo sè é o," Màmá ráhùn. "Ṣé mo fẹ́ pa ọmọ ọmọ mi ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ wá wò ó."

Ọtí ń fà gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé àgbo lọ, àwọn àwọ̀ inú rẹ̀ sì ń pínyà. Àwọ̀ ìyeyè sáré ṣíwájú, àwọ̀ ewé ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Màmá gbàgbé ìbínú, ó tẹjú mọ́ ìwé. Ni pupa fòò kan bá yọ.

"Kí nìyẹn? Ewé àti èèpo igi nìkan ni mo sè."

"Níbo lẹ ti rí èèpo náà?"

"Mo rà á ni. Bó ṣe pọ́n ló wù mí." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àbí wọ́n kùn ún lọ́dà ni? Èmi náà ń mu ún fún orúnkún mi!"

Tinúadé da àgbo náà nù, ó di Màmá lọ́wọ́ mú, wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.

Lójú ọ̀nà, Màmá bi í pé, "Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ńkọ́, ṣé ó lè gun ìwé?"

"Wọ́n lè ya ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Màmá."

"Ó dáa. Kí wọ́n jẹ́ kí n wo tèmi."