Orúkọ Iṣẹ́ Àna

Ní Ìkìrun, bí ọmọkùnrin kan bá ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni, a kì í tíì mú ọjọ́ ìtọrọ. Ìwádìí ló ń ṣáájú. Wọn á rọra béèrè irú ilé tó ti wá, àìsàn tó wà nínú ẹbí, àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń wádìí mọ̀.

Adéjàre, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ń wádìí Dàmọ́lá, ọmọ Òkukù tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ Motọ́láyọ̀. Họ́lándì ni Dàmọ́lá ń gbé. Ó ti kọ nípa ara rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù: ilé ìwé tó lọ, ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, ọjọ́ orí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán. Iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló fi èdè Họ́lándì kọ: muskusrattenbestrijder.

“Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tán nígbà tó dé ibẹ̀?” ni Adéjàre bi Adétóun, ìyàwó rẹ̀.

“Motọ́láyọ̀ ní iṣẹ́ omi ni.”

“Iṣẹ́ omi? Ṣé píọ́wọ́tà ló ń tà fún òyìnbó ni?”

Nígbà tí Motọ́láyọ̀ dé láti Òṣogbo, níbi tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ó fi fóònù túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Gẹ̀ẹ́sì tí fóònù mú jáde ni muskrat fighter, ẹni tó ń bá eku jà. Adéjàre wo ọmọ rẹ̀. Motọ́láyọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Mákánjúọlá, olórí ẹbí.

“Omi lánàá, eku lónìí,” ni bàbá náà wí. “Ọmọ Yahoo ni. Títí ẹ ó fi sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì tó yé mi, ẹnikẹ́ni kò ní wá tọrọ ọmọ nínú ilé yìí.”

Motọ́láyọ̀ sunkún wọ yàrá lọ. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé Dàmọ́lá nìkan lòun máa fẹ́.

Adéjàre rò ó pé kí òun lọ sí Òkukù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tú àṣírí ọmọ ìlú rẹ̀ fún àlejò? Ọlábímpé, alárinà tó mú àwọn ọmọ náà mọ ara wọn, ló gbà á nímọ̀ràn.

“Ẹ má wulẹ̀ dé Òkukù, sà. Ìyá kan wà ní Ìnísà, Ìyá Fikáyọ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Tíṣà ni wọ́n ní Họ́lándì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wálé. Ẹ lọ bá wọn.”

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Adéjàre bá Ìyá Fikáyọ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún un ní omi tútù.

“Màmá, ọ̀rẹ́ mi kan ló rán mi wá,” ni ó wí, ó sì na fóònù sí wọn.

Wọ́n wò ó fìrí. “Ọ̀rẹ́ yín. Kí ló dé tí kò wá fúnra rẹ̀?”

Adéjàre wo ilẹ̀. “Ẹ má bínú, Màmá, irọ́ ni mo pa. Ọmọ tèmi ni wọ́n fẹ́ fẹ́. Ojú ló ń tì mí.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn ti àga.”

Wọ́n gbá ẹ̀wà jọ sí àárín atẹ, ó gùn bí ebè. “Ẹ wò ó. Òkun nìyí. Ìlú nìyí, ó rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Ebè yìí ni kò jẹ́ kí omi wọlé. Eku kan wà níbẹ̀, ó tó òkété, inú omi ló ń gbé. Bí ó bá wá gbẹ́ ihò sínú ebè yìí ńkọ́?”

“Omi á wọlé.”

“Ẹ káre. Ìjọba wá gba àwọn ènìyàn síṣẹ́ kí wọ́n máa dẹ pàkúté fún un.”

Adéjàre mí kanlẹ̀. “Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wá ńkọ́, Màmá?”

Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ, wọ́n sì ń béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣé bàbá Adéjàre ṣì wà láyé? Rárá, ogbó ló pa wọ́n, kànga ni wọ́n ń gbẹ́ ní Ìbà. Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá jà, ta ní ń borí?

“Èmi ni mò ń pariwo, Màmá. Òun ló ń borí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn wù ú lọ́kàn?”

“Ó wù ú gan-an, Màmá.”

Wọ́n gbé atẹ sílẹ̀. “Gẹ̀ẹ́sì méjì ni. Ẹ lè pè é ní flood defence officer. Ẹ sì lè pè é ní rat catcher. Òótọ́ ni méjèèjì. Èwo lẹ máa gbé lọ sílé?”

Adéjàre ronú kan Bàbá Mákánjúọlá, ó sì ronú kan ẹ̀rín tí wọn yóò fi òun rín.

“Ẹni tó ń pa eku ni mo máa sọ,” ni ó wí. “Ọmọ agbẹ́kànga ni mí. Eku kọ́ ni mò ń bẹ̀rù, Màmá, ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ni. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, mà á wá ṣàlàyé omi fún wọn.”

Ìyá Fikáyọ̀ bu ẹ̀wà sínú ọ̀rá pé kó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Inú Adéjàre dùn bó ṣe ń wakọ̀ padà sí Ìkìrun. Ó ti ṣe ìwádìí náà tán, ará Òkukù kan kò sì gbọ́ sí i.

Ìyá Fikáyọ̀ dúró títí ọkọ̀ náà fi pòórá, wọ́n pe àbúrò wọn ní Òkukù, wọ́n ní, “Bàbá Dàmọ́lá, ọgbọ́n tí ìwọ àti Ọlábímpé dá ti ṣiṣẹ́ o: nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ní kí ọmọ má túmọ̀, ọkùnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá mi, mo sì ti wádìí wọn dé ìdí, ẹbí tó ṣeé bá dána ni.”