Àbàwọ́n Pupa Lára Awọ Igi

Ní ìlú Espoo, ní ilẹ̀ Finland, nínú yàrá ìwádìí tí Raakel àti Tauno ti jọ ń ṣiṣẹ́, a kì í sọ̀rọ̀. Igi eléèpo funfun ni wọ́n ń lọ̀ kúnná títí ojú kò fi lè rí hóró rẹ̀ mọ́. Wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á dà á sínú abọ́ pẹlẹbẹ, á sì gbẹ di awọ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Wọn kì í fi aró kankan sí i. Bí hóró igi náà bá ṣe tò ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń jáde lára rẹ̀: bí ó bá gbẹ dáadáa, á yọ búlúù, bí èémí ènìyàn bá kàn án kó tó gbẹ, ibẹ̀ á pọ́n. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó bọ́ síta. Ìta máa ń tutù, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń jáde.

Raakel ń dá gbé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò sáà sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni, ó sì ń dùn ún. Iṣẹ́ yìí nìkan ló ní. Ṣùgbọ́n Helvi, ọ̀gá wọn, ti sọ pé ẹnì kan ṣoṣo lòun máa mú dúró nínú àwọn méjèèjì, ẹni tí awọ rẹ̀ bá yọ búlúù láìlábàwọ́n.

Ti Tauno ń yọ dáadáa. Bí Raakel bá dé láàárọ̀, àbàwọ́n pupa á wà lára tirẹ̀, ní ìhà tó kọjú sí àga Tauno, nítorí tábìlì kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ó pààrọ̀ omi, ó pààrọ̀ abọ́, pupa ò lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì padà. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn onígíláàsì ló ti rí Tauno lórí àga ara rẹ̀, tó tẹ̀ síwájú, tí ẹnu rẹ̀ ń là tó ń padé lókè abọ́ òun. Kò wọlé. Ọ̀dọ̀ Helvi ló gbà lọ.

"Mo fojú ara mi rí i. Ó ń mí sí i."

Helvi pe Tauno, ó gbé awọ náà síwájú rẹ̀. "Ṣé ìwọ lo ṣe èyí?"

Tauno wò ó títí. Ojú rẹ̀ pọ́n ju àbàwọ́n náà lọ. "Èmi ni."

"Kí ló dé?"

Ó wo Raakel, ó wo ilẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ló kó ẹrù rẹ̀.

Awọ tó tẹ̀ lé e yọ búlúù jálẹ̀jálẹ̀, iṣẹ́ sì di ti Raakel. Ó ra búrẹ́dì onídùn láti fi ṣàjọyọ̀, kò rí ẹni tí yóò bá a jẹ ẹ́. Nígbà tí ìyá arúgbó tó ń gbálẹ̀, Lempi, ti ìsinmi dé, Raakel fà á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gé búrẹ́dì náà fún un.

"Tauno ńkọ́?" ni Lempi bi í.

"Ó ti lọ. Wọ́n dá a dúró."

"Ó mà ṣe o. Ṣé ó rójú sọ ọ́ fún ẹ kó tó lọ?"

"Sọ kí ni, mà?"

Lempi rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mò ń gbọ́ ọ, tó kọjú sí àga ẹ tó ṣófo, tó ń kọ́ ara ẹ̀ bó ṣe máa sọ ọ́: 'Raakel, jọ̀ọ́, ṣé wàá bá mi mu kọfí?'"