Ìbéèrè Kan Náà fún Ìyá Méjì

Nígbà tí Ìyá Dárasími rí obìnrin tó gbé ìwé àti bírò dání lórí afárá pákó, wolé-wolé ló pè é. Ó yára fi ẹní bo garawa omi ẹja. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ṣọ́jà wá sí Ìlàjẹ, wọ́n wó ibi tí Mákánjúọlá aládùúgbò rẹ̀ ti ń yan ẹja, wọ́n ní ó dọ̀tí. Láti ìgbà tí ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ ṣọ́jà, ẹni tó bá mú bírò dání ti di ẹni à ń bẹ̀rù.

Ọkùnrin sísanra kan ń tẹ̀ lé obìnrin náà, ó ń làágùn.

"Bí pákó yìí bá já," ó ní, "ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi pé ìjọba àpapọ̀ ló pa mí o."

Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Rasheedat lorúkọ mi. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tó ń ṣèwádìí onígbáméjì la ti wá."

"Àǹtí, èmi ni wọ́n yan ilé yìí fún," ọkùnrin náà sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n."

"Bọ́dúndé, jọ̀ọ́, dúró síta."

Bọ́dúndé wò ó, ó sì jáde.

Rasheedat jókòó sórí àpótí. Ó ní fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí onígbáméjì pa, àwọn ń wá ọmọ kan tó ṣe é tó sì yè, tí ọjọ́ orí wọn bára mu. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ń bi ìyá méjèèjì. Ibi tí ìdáhùn wọn bá ti yà ni àwọn dókítà yóò wò dáadáa, kí wọ́n lè mọ ohun tó gba ọ̀kan là.

Ìyá Dárasími fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ fẹ́ fi ọmọ mi wé òkú? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ ta ni?"

"A kì í sọ, mà. Obìnrin ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta, bíi tiyín." Ó ń wo ẹsẹ̀ Dárasími tí iyanrìn kún. "Bàtà ọmọ yín ti tóbi tó báwo báyìí?"

"Ṣé ìjọba ló ní kẹ́ ẹ bèèrè ìyẹn?"

"Rárá, mà. Ẹ má bínú."

Ó bẹ̀rẹ̀. Omi wo ni wọ́n ń mu? Omi tánkà. Ṣé wọ́n ń sè é? Bí kẹrosíìnì bá wà. Níbo ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ? Ilé kẹ́míìsì. Ní ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, Rasheedat a mi orí, ojú rẹ̀ a sì túbọ̀ rọ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn rere.

"Ṣé ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà?"

"A fún un. Ṣúgà wọ́n bí ojú, àmọ́ a rí i."

"Ta ló ń fi ṣíbí fún un?"

Ìyá Dárasími mọ ẹni tó ń fún un. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Ọjà Fádèyí ni òun wà tí òun ń ta ẹja, nítorí bí òun kò bá tà á, kò sí ṣúgà. Ìgbà tí òun fi máa dé, ọmọ ti ń bèèrè oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ irú ìyẹn fún ìjọba? Wọn yóò ní òun kì í ṣe ìyá gidi.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi fúnra mi. Mi ò gbẹ́sẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Bírò dúró lórí ìwé.

"Ẹ ò lọ síbi iṣẹ́ rárá?"

"Iṣẹ́ kẹ̀? Ìyá wo ló ń fi ọmọ tó ń ṣàìsàn sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́?"

Rasheedat kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Ó dúpẹ́, ó fọwọ́ kan orí Dárasími, ó sì gba orí afárá lọ láìbojú wẹ̀yìn.

Ìyá Dárasími mí kanlẹ̀. Ó dá a lójú pé òun dáhùn dáadáa.

Bọ́dúndé yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí àwàdà lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Ẹ má bínú sí Àǹtí, mà. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n má wá."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

Bọ́dúndé sọ fún un pé ọmọ Rasheedat ni ọmọ tó kú náà, pé ibi iṣẹ́ ni Rasheedat wà nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń fi ṣíbí fún ọmọ lómi, àti pé ohun kan ṣoṣo tó wá gbọ́ ní Ìlàjẹ ni bóyá ìyá ọmọ tó yè náà lọ síbi iṣẹ́.