Àpótí Tí Àwọn Ọmọdé Ń Ti Ọwọ́ Bọ̀

"Wọ́n ní awọ inú àpótí yẹn... ó gé Bàbá Lágbàyí, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, jẹ..."

Àṣàbí ti gbọ́ àhesọ yìí lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ló ń tọ́jú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ àfonífojì. Lọ́la, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á wá ti ọwọ́ bọ ihò àpótí náà, kí wọ́n lè fọwọ́ kan awọ ìkookò. Nírọ̀lẹ́, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti nù ún. Awọ tó ti gbẹ láti ọdún mẹ́wàá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń yọ̀ bí ilá. Nǹkan kan ń lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó fa ọwọ́ yọ, itọ́ gbọọrọ bá a jáde. Ó sáré lọ bá Bàbá Lágbàyí lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ṣé ó gé yín jẹ lóòótọ́?"

"Irọ́ ni wọ́n pa, ọmọ mi. Ohun tí mo sọ ni pé, 'Ó tọ́ mi wò, ó pòṣé, ó ní mo ti gbó jù.'"