Omi Àgbo Àmúdàtù

"Wolé-wolé ti dé o!"

Ariwo yẹn ń ti ojúlé kan bọ́ sí èkejì ní Muṣin, lọ́dún 1956. Kíá, àwọn obìnrin ń da omi inú ìkòkò wọn nù.

Sìmíátù ò tilẹ̀ sáré. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ibà tún ti dá ọmọ rẹ̀, Àmúdàtù, dùbúlẹ̀. Ara ọmọ náà ń gbóná janjan. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, bí ibà yìí bá lọ lónìí, á tún padà.

"Oòrùn ló ń pa á," ni ìyá ọkọ rẹ̀ máa ń wí. "Ṣáà máa se àgbo fún un. Omi òjò ni kí o fi sè é o, má fi omi ẹ̀rọ sè é."

Sìmíátù ń sè é. Àmúdàtù ń mu ún, ó ń fi wẹ̀.

Wolé-wolé wọlé. Ó yẹ ẹ̀yìnkùlé wò, ó yẹ ilé ìdáná wò. Kò rí nǹkan kan.

"Ìyá, ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, kì í ṣe oòrùn. Inú omi tó bá dúró pẹ́ ni wọ́n ń yé sí. Ṣé kò sí omi kankan nílé?"

"Kò sí, sà. A ti dà á nù."

Ọkùnrin náà lọ. Sìmíátù mí kanlẹ̀.

Àgbo tún tó sè.

Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ rẹ̀ sùn lé. Ó wọ́ ìkòkò omi òjò jáde lábẹ́ rẹ̀, níbi tó máa ń gbé e pamọ́ sí fún wolé-wolé. Ó ṣí igbá tó ti fọ́ létí kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ̀fọn ya bò ó lójú.

Ó wo ìkòkò náà, ó wo ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Màámi," ni Àmúdàtù wí lókè, "ṣé ẹ tún fẹ́ se àgbo ni?"